Agídí Inú Àpótí
Olóyè Lápitẹ́, alága gáréèjì, gbé àpótí irin tó ti tì pa síwájú Mórádéyọ̀ rewáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, ó ní kó sọ agbára ohun tó wà nínú rẹ̀ láìṣí i, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ kúrò ní gáréèjì. Mórádéyọ̀ so wáyà méjì tó yọ síta lára àpótí mọ́ bátìrì ọkọ̀, ó wo mítà: fóòtì méjìlá ló ń ti iná, áńpù mẹ́fà ló ń ṣàn. "Méjìlá lọ́nà mẹ́fà, agbára rẹ̀ jẹ́ wáàtì méjìléláàádọ́rin. Ẹ pín méjìlá sọ́nà mẹ́fà, agídí tó ń bá iná ṣe jẹ́ óòmù méjì. Wáyà tó ń gbóná ni, bàbá." "Irọ́! Òfìfo ni!" ni Olóyè pariwo. Mórádéyọ̀ kúnlẹ̀, àmọ́ kò tú wáyà kúrò lára bátìrì. "Ẹ má bínú, bàbá. Ẹ jókòó lé òfìfo náà kí n fi palẹ̀ ẹrù mi mọ́." Olóyè wo àpótí, ó kó agbádá rẹ̀ mọ́ra. "Kò rẹ̀ mí," ló wí. "Máa báṣẹ́ ẹ lọ."