Ààlè Méjì Níwájú Ibùdókọ̀

Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ pé gbogbo òrùlé àdúgbò rẹ̀ ló ti ọwọ́ rẹ̀ jáde. Káfíńtà ni. Ó ní ọ̀rẹ́ kan láti kékeré, bíríkìlà ni ìyẹn, kò sì sí ògiri kan níbẹ̀ tí kì í ṣe òun ló mọ ọ́n. Bí bíríkìlà bá sọ̀ kalẹ̀ lórí ògiri, káfíńtà á gùn ún. Àwọn ará àdúgbò a máa sọ pé ilé kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì ti ń kọ́ láti ìgbà èwe wọn, ó kàn ní yàrá púpọ̀ ni.

Níwájú àdúgbò náà, ilẹ̀ kan wà tí gbogbo wọn jọ ni ín. Igi òro ló kún inú rẹ̀. Abẹ́ igi wọ̀nyí ni àwọn obìnrin ti ń ṣa èso tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀ àpọ̀n. Ibẹ̀ ni àwọn àgbà ti ń sinmi bí oòrùn bá mú, ibẹ̀ náà sì ni ọmọ tí wọ́n bá nà ń sá lọ láti sunkún. Lẹ́yìn igi òro ni ojú irin wà. Ọkọ̀ a máa kọjá, kì í dúró.

Ní ọjọ́ kan, ìròyìn dé pé wọ́n máa kọ́ ibùdókọ̀ sí ẹ̀yìn igi òro. Áà, ayọ̀ ọjọ́ náà! Àwọn èwe ń jó, àwọn àgbà ń bi ara wọn léèrè ibi tí wọ́n máa kọ́kọ́ lọ. Ìyá arúgbó kan ti di ẹrù rẹ̀ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọn ò tíì gbẹ́ ilẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí inú rẹ̀ dùn tó ti káfíńtà. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Àwẹ̀ró ni orúkọ rẹ̀, nọ́ọ̀sì ni ní ìlú ńlá. Ọ̀nà jìn, ó sì burú, nítorí náà àsìkò ọdún nìkan ni bàbá ń rí i. Bí ọkọ̀ bá ti ń dúró, á máa ti ibi iṣẹ́ bọ̀ wálé ní ìrọ̀lẹ́, á máa bá bàbá rẹ̀ jẹun.

Wọ́n pe ìpàdé lórí ilẹ̀ igi òro. Bíríkìlà ní kí wọ́n gé gbogbo igi náà, kí wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Ó ní gbogbo ọmọ òun ló ti fi ilé sílẹ̀ wá iṣẹ́ lọ, ibi tí èrò bá sì ti ń sọ̀ ni iṣẹ́ wà. Káfíńtà ní wọn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀ka kan.

"Ẹ gbọ́ o!" ni bíríkìlà wí. "Káfíńtà ló ń gbèjà igi! Ìwọ tí igi ń gbọ̀n bó bá ti rí ọ!"

"Èmi ló mọ bó ṣe ń pẹ́ tó kí igi tó dàgbà," káfíńtà dá a lóhùn. "Ìwọ ní tìrẹ, ibi tí o bá ti rí koríko ni ọwọ́ ti ń yún ọ. Bí wọ́n bá gbà ọ́ láyè, wàá mọ ògiri yí ìyàwó rẹ ká."

Wọ́n rẹ́rìn-ín ní ìpàdé ọjọ́ náà. Ẹ̀rín náà kò pẹ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n bá ààlè níwájú igi òro ní ìhà ilé: ìkarahun ìgbín àti àkísà pupa, tí wọ́n so mọ́ ọ̀pá tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Káfíńtà ló pa á síbẹ̀, kò sì fi pamọ́. Ó ní títí wọn yóò fi gbà pé wọn ò ní í gé igi, ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọjá, tòun náà pẹ̀lú. Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, bíríkìlà ti la inú àbàtà yí lọ, ó pa ààlè tirẹ̀ sí ìhà ojú irin: ìgbálẹ̀ tó ti gbó àti bàtà ẹsẹ̀ kan. Ó ní bí òun kò bá rí ilẹ̀ náà kọ́, ẹnikẹ́ni kò ní í rí i jókòó sí.

O mọ ìlànà ààlè. Ẹni tó pa á nìkan ló lè gbé e kúrò. Kò sì sí ẹni tó fẹ́ fi ara rẹ̀ dán an wò. Pásítọ̀ tó ń wàásù pé irọ́ ni, òun náà ń gba ẹ̀yìn ilé yí lọ. Èso òro já, ó rà sílẹ̀. Koríko bo ìjókòó àwọn àgbà. Ilé opó kan sì wà láàárín àdúgbò tí bíríkìlà mọ ògiri rẹ̀ tán, tí káfíńtà kọ̀ láti kan òrùlé rẹ̀. Òjò ń rọ̀ sí yàrá.

Àwọn òṣìṣẹ́ rélùwè fi ọkọ̀ wọn kó ẹrù wá, wọ́n kọ́ ibùdókọ̀ tán. Àbàtà wà ní ọ̀tún rẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta wà ní òsì. Àárín igi òro nìkan ni èrò lè gbà dé pèpéle. Ọ̀gá wọn kìlọ̀. Ó ní, "Ní ọjọ́ tí ọkọ̀ bá kọ́kọ́ dúró, èmi fúnra mi máa wà nínú rẹ̀. Bí mi ò bá rí ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà wọ àdúgbò yín, ọkọ̀ kò ní í dúró níbí mọ́. Àdúgbò tó wà níwájú ti ń bẹ̀ wá."

Wọ́n lọ bẹ káfíńtà. Ó ní kí bíríkìlà kọ́kọ́ gbé tirẹ̀. Wọ́n lọ bẹ bíríkìlà. Ó ní, "Kí n gbé tèmi, kó wá máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́? Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé ló pàdánù." Ohun tí káfíńtà náà ń sọ nínú ilé rẹ̀ gan-an nìyẹn.

Ọjọ́ pé. Gbogbo àdúgbò jáde, wọ́n tò sẹ́yìn ààlè káfíńtà bí ẹran tó dé etí odò. Fèrè dún lókèèrè. Ilẹ̀ ń mì. Ọkọ̀ yọ, ó ń dán yinrin, ó dẹ ìrìn, ó dúró! Ariwo ta. Ilẹ̀kùn ṣí, ọ̀gá rélùwè sọ̀ kalẹ̀, ẹnì kan sì tẹ̀lé e pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ funfun lára. Àwẹ̀ró ni.

"Bàámi!" ó ké. "Bàámi, mo ti dé o! Ibo ni kí n gbà?"

Igi òro díẹ̀ ló wà láàárín wọn, àti ààlè méjì. Àwẹ̀ró rí bàtà àti ìgbálẹ̀ níwájú rẹ̀, ó fà sẹ́yìn. Ọ̀gá wo aago ọwọ́ rẹ̀.

Káfíńtà kò rò ó lẹ́ẹ̀kejì. Ó di ààlè rẹ̀ mú, ó fà á tu, ó jù ú sẹ́yìn, ó sì sáré wọ abẹ́ igi títí ó fi dé iwájú ààlè ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ló dúró gbagidi, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó kù díẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ tó ọwọ́ ọmọ rẹ̀.

Gbogbo ojú yí sí bíríkìlà. Ẹnì kejì ti gbé tirẹ̀. Bí òun bá dákẹ́, òun ló ni ilẹ̀.

"O ti borí o," ẹnì kan wí láàárín èrò. Ohùn rẹ̀ kò dùn.

Ọkọ̀ tún fọn fèrè. Bíríkìlà wo ojú fèrèsé ọkọ̀. Ó rí àwọn èrò tó yẹ kó wá rajà lọ́wọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, wọ́n ti ń múra láti lọ rà á ní àdúgbò iwájú. Ó wá yé e pé igbó lásán ni òun borí gbà.

Ló bá sáré! Fìlà rẹ̀ já bọ́, kò wẹ̀yìn. Àgbàlagbà ti ikùn síwájú, ó ń sáré, àwọn èwe ń pariwo, "Bàbá bíríkìlà, ó ku díẹ̀!" Ìyàwó rẹ̀ ń sáré tẹ̀lé e, gbogbo àdúgbò ń sáré tẹ̀lé ìyàwó. Ó dé ìdí ààlè, ó fi ọwọ́ méjèèjì fà á tu. Ìgbálẹ̀ tú ká. Bàtà fò sókè, ó bọ́ síwájú ìyàwó rẹ̀.

"Háà!" ni obìnrin náà ké. "Bàtà mi tí mo ti ń wá rè é!"

Ẹ̀rín bú. Àwẹ̀ró ti bọ́ sí àyà bàbá rẹ̀. Ọ̀gá rélùwè sún mọ́ wọn. "Ọ̀nà tí mo ní kí ẹ fi hàn mí dà?"

Káfíńtà nawọ́ sí àwọn ènìyàn rẹ̀ lábẹ́ igi. "Ọ̀nà ló ń sáré bọ̀ yẹn, sà."

Nígbà tí wọ́n wá jókòó sọ ọ́, ọ̀rọ̀ náà kò le bí wọ́n ṣe rò. Wọ́n gé àwọn igi òro tó wà lójú ọ̀nà gan-an. Káfíńtà fúnra rẹ̀ ló gé wọn, ó sì fi wọ́n ṣe ìjókòó sórí pèpéle. Bíríkìlà fi àárín ilẹ̀ sílẹ̀, ó kọ́ ṣọ́ọ̀bù alájà méjì sí etí rẹ̀, níbi tó jẹ́ ààtàn tẹ́lẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù náà kò tó bó ṣe fẹ́. Igi kò sì pé bí káfíńtà ṣe fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ̀ nínú ọkọ̀ ń gba abẹ́ òjìji lọ rajà, Àwẹ̀ró sì ń jẹ oúnjẹ alẹ́ nílé. Kí wọ́n tó ṣe èyíkéyìí nínú rẹ̀, àwọn méjèèjì ti kọ́kọ́ lọ kan òrùlé opó.

Ìwọ ọ̀rẹ́ mi, o wá bá mi ní àárọ̀ yìí pé kí n dájọ́ láàárín ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ lórí ilẹ̀ bàbá yín tó wà lẹ́bàá ibùdókọ̀ tuntun. Òun fẹ́ kọ́lé sí i, ìwọ fẹ́ dá igi ìyá yín sí. Mo ti gbọ́ tìrẹ, ó mọ́gbọ́n dání. Mo ti gbọ́ tirẹ̀, ó mọ́gbọ́n dání. Ṣùgbọ́n o kì í kí i mọ́, kì í dá ọ lóhùn mọ́, àwọn ọmọ yín sì ń wo ara wọn lókèèrè, wọn ò mọ ibi tí wọ́n máa gbà. Ààlè nìyẹn, bí kò tilẹ̀ ní ìkarahun.

Má bi mí léèrè ẹni tó jàre. Dìde, lọ fa tìrẹ tu, má wo ọwọ́ rẹ̀. Òwúrọ̀ ṣì ni, ilé rẹ̀ kò sì jìnnà. Yára, mo ti ń gbọ́ fèrè ọkọ̀.