Ìyá Tó Lọ Kí Oòrùn Kú Iṣẹ́

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Ẹnu yín kò yá. Ṣé iyán tí ẹ jẹ ló wọ̀ yín lára báyìí? Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Ẹ̀n-ẹ́n. Àlọ́ mi ta kété, ó ta gìdìgìdì, ó fò kọjá òrùlé, kò balẹ̀ síbì kankan àfi orí ìyá kan tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Fọlárìn, gbé ẹsẹ̀ rẹ kúrò lórí ẹní mi. Ó dáa."

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí ènìyàn àti ẹranko ṣì jọ ń ná ọjà kan náà, Àwẹ̀ró ń gbé ní ìlú Òkè-Igbá. Nǹkan kan ṣoṣo ló ń ṣe é: ìkíni. Kò lè rí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kó kọjá. Tó bá bá onídìrí, a ní, "Ojú gbooro o!" Tó bá bá aláró, a ní, "Àrẹ̀dú o!" Ó tilẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ kí àgbébọ̀ adìẹ tó sàba: "O kú ìjókòó o!"

"Ó kí adìẹ, Ìyá Àgbà?"

"Ó kí adìẹ! Ìwọ tí o kì í kí èmi láàárọ̀ ńkọ́?"

Ọbẹ̀ a máa jóná mọ́ Àwẹ̀ró lọ́wọ́. Akínpẹ̀lú, ọkọ rẹ̀, a máa bínú: "Àwẹ̀ró, odò tí ò ń lọ yìí, ṣé ọ̀la lo máa dé ni?"

Ní ọjọ́ kan, Awódì já ṣòòrò wálẹ̀ sí àgbàlá ọba, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Kábíyèsí, ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ! Oòrùn pe àwọn ará agbo-ilé rẹ̀ jọ. Ó ní Òṣùpá ń ṣọ́ òru, ìràwọ̀ ń tànmọ́lẹ̀, Ayé nìkan ló jókòó tó ń yá iná òun láìṣiṣẹ́. Ó ní ká rán ẹni tí yóò wá sọ iṣẹ́ tí Ayé ń ṣe. Tí a ò bá rí i sọ kí oṣù tuntun tó lé, òun á tì wá jáde kúrò nínú agbo-ilé òun, sínú òkùnkùn!"

"Òkùnkùn yẹn tutù, Ìyá Àgbà?"

"Ó tutù ju omi odò nígbà ọyẹ́ lọ. Àgbàdo kò ní hù níbẹ̀. Odò a dì gbagidi."

Àwẹ̀ró wà níbẹ̀, ó gbọ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àkọ́bí ni, wọn kò tíì gbé ìkókó náà jáde síta. "Ọmọ-ọmọ mi kò ní rí oòrùn?" ni ó ń sọ ṣáá. "Kò ní rí i rárá?"

Igbá ni àwọn ará Òkè-Igbá ń gbìn, kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n gbìn tó wọn. Wọ́n ká akèrègbè kan tó tó ilé, èyí tí ìránṣẹ́ wọn yóò wọ̀ lọ sọ́dọ̀ Oòrùn. Wọ́n ha inú rẹ̀, wọ́n sá a gbẹ, wọ́n fi oje igi dí gbogbo ojú ibi tí afẹ́fẹ́ lè gbà jáde. Orin ni wọ́n fi ń wà á. Ẹ gbè é o:

*Akèrègbè, gbéra ńlẹ̀,*
*Gbìrìgìdì!*
*Kọjá igi, kọjá òkè,*
*Gbìrìgìdì!*
*Ojú ọ̀run kì í ṣòrùlé,*
*Gbìrìgìdì!*
*Ọ̀nà ló wà, ẹ jẹ́ ká lọ,*
*Gbìrìgìdì!*

Ọ̀kín ló kọ́kọ́ lọ. Ó na ìrù níwájú Oòrùn, ó ní, "Ẹwà ni iṣẹ́ Ayé. Ẹ wò mí!" Oòrùn fi í rẹ́rìn-ín: "Mo ní ìràwọ̀ pupa, mo ní èyí tó dúdú bí aró. Ìyẹ́ lásán lo kó wá?" Ọ̀kín wọ́ ìrù padà sílé.

Kìnnìún lọ. Ó ní, "Agbára ni iṣẹ́ Ayé. Ẹ gbọ́ mi!" Ó bú ramúramù. Oòrùn kàn mí sí i báyìí, fùú! Irun ọrùn rẹ̀ jó tán, ó dé ilé lórí kodoro.

"Yéè! Kìnnìún pá lórí!"

"Ẹ má fi í rẹ́rìn-ín, ó gbìyànjú."

Ọba wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ta ló kù? Gbogbo akọni tẹ orí mọ́lẹ̀. Ni Àwẹ̀ró bá dìde: "Kábíyèsí, èmi ó lọ."

Akínpẹ̀lú figbe ta: "Ìwọ? Wọn á ti lé wa jáde tán kó o tó dé!"

"Baálé mi, ọmọ-ọmọ wa ló wà nínú yàrá yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ lọ nípò mi, kó bọ́ síwájú."

Kò sẹ́ni tó bọ́ síwájú. Awódì nìkan ló gbà láti máa júwe ọ̀nà. Wọ́n kọrin, akèrègbè gbéra. Ó la ìkúukùu, ó kọjá ibi tí atẹ́gùn mọ. Àwẹ̀ró bojú wẹ̀yìn. Ayé dà bí àgbálùmọ̀. Ó tún wò, ó dà bí hóró ẹ̀wà. Ó tún wò, kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Awódì, ṣé gbogbo wa nìyẹn? Ọjà, oko, ààfin, àti ọmọ kékeré yẹn?"

"Gbogbo wa nìyẹn, Ìyá."

Wọ́n dé ẹ̀gbẹ́ ìràwọ̀ arúgbó kan tó ń dá tàn níbi tí kò sẹ́nìkan. Àwẹ̀ró ní, "Dúró! Ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ kú àìsùn!"

Ìràwọ̀ ta gìrì. "Èmi?"

"Ẹ̀yin mà ni! A máa ń rí yín láti ẹ̀yìnkùlé wa."

Wọ́n lọ síwájú, wọ́n kan òmíràn, Àwẹ̀ró tún kí i. Wọ́n kan òmíràn, ó tún kí i. Awódì fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè: "Ìyá, ẹ dákun! Oṣù ń lé lọ!"

"Kí n wá kọjá lára wọn bí ewúrẹ́? Mi ò lè ṣe é."

Ìgbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ Oòrùn, oṣù tuntun ti lé. Oòrùn ti dìde lórí ìtẹ́. Kò tilẹ̀ kí i káàbọ̀.

"O pẹ́. Ẹjọ́ ti parí. Ayé ń jáde."

Ó yé Àwẹ̀ró wàyí: Ìkíni òun ló fà á. Òun fọwọ́ ara òun ti ọmọ-ọmọ òun sínú òkùnkùn. Ó wólẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó ti kúnlẹ̀ yẹn náà, ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ ló sọ.

"Ẹ kúulé o, Bàbá. Ẹ kú iná. Ẹ kú ìdúró. Iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe láìsinmi yìí, a ń rí i láti ilé. Ìkókó kan wà nílé wa tí kò tíì rí yín, ọ̀rọ̀ yín ni mo fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ẹ kú iṣẹ́ o."

Oòrùn yanu, kò rí nǹkan sọ.

"Kí ló dé tí kò dáhùn, Ìyá Àgbà?"

"Kò mọ bí wọ́n ṣe ń dáhùn ni! Ta ló kí i rí?"

Ibi tí Oòrùn ti ń wò ni ìmọ́lẹ̀ ti bo ẹ̀yìn Àwẹ̀ró. Gbogbo ìràwọ̀ tó kí lọ́nà ló ń bọ̀, wọ́n fi ojú iṣẹ́ sílẹ̀! Arúgbó wọn ló ṣáájú.

"Oòrùn, láti ọjọ́ tí mo ti ń jó, mi ò mọ̀ pé ojú kan ń rí mi. Ọ̀kín wá, ó ní ká wo òun. Kìnnìún wá, ó ní ká gbọ́ òun. Ìyá yìí ló wo àwa!"

Oòrùn rọra tẹ̀ ba, ó bi í jẹ́jẹ́: "Ìyá, kí ni wọ́n fi ń dáhùn?"

"Wọ́n máa ń ní, 'Oo, a dúpẹ́,' Bàbá."

"Oo," ni Oòrùn wí, "a dúpẹ́." Gbogbo ojú ọ̀run sì gbà á. Ẹ bá mi gbà á!

"Oo, a dúpẹ́!"

"Mo yí ìdájọ́ mi padà," ni Oòrùn wí. "Gbogbo wa ń ṣiṣẹ́, kò sẹ́ni tó ń rí wa. Ibi kékeré yẹn ni ojú wà. Iṣẹ́ Ayé nìyẹn! Ẹ gbé ìjókòó Ayé wá sítòsí mi. Kó má súnmọ́ jù kí n má baà jó o, kó má jìnnà jù kí n lè máa gbọ́ ohùn wọn."

Ibẹ̀ náà la jókòó sí dòní.

Àwẹ̀ró délé, ìlú gbé e sọ́rùn. Akínpẹ̀lú jó títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Àwẹ̀ró gbé ìkókó jáde síta fún ìgbà àkọ́kọ́. Oòrùn yọ lókè. Kí Àwẹ̀ró tó lanu rárá, Oòrùn ti ṣáájú rẹ̀:

"Ìyá Àwẹ̀ró! Ẹ kú ewu ọmọ o!"

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀kọ́ rẹ̀ rèé. A kéré lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó bá ń rí iṣẹ́ ẹlòmíràn, tó sì ń kí i, kò ní pàdánù ìjókòó rẹ̀ láéláé.

Ibi tí mo sọ àlọ́ mi kalẹ̀ sí rèé. Bí mo bá purọ́, kí eyín tó kù lẹ́nu mi má tún gé obì mọ́. Bí n kò bá purọ́, kó gé e, kèù! Ẹ gbọ́ ọ?

"A gbọ́ ọ, Ìyá Àgbà! Ẹ kú ẹnu o!"