Bí Wúlẹ̀mọ́tù Ṣe Fi Eérú Eléèérú Se Ọṣẹ

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ojúmọ́ o. Ẹ fìdí lélẹ̀ dáadáa, òfófó gbígbóná wà lẹ́nu mi. Ṣé ẹ máa ń gbọ́ báwa ará Ṣakí ṣe ń wí pé, "Eérú eléèérú kì í se ọṣẹ jinná"? Àlejò tó bá gbọ́ ọ á ní, ṣé eérú náà wá ń ní ẹni tó ni ín ni?

Ọ̀dọ̀ Wúlẹ̀mọ́tù ló ti bẹ̀rẹ̀. Òrí ni Wúlẹ̀ ń tà, fúnra ẹ̀ ló ń ṣe é, òrí ọ̀hún sì dáa. Àwọn oníbàárà ẹ̀ kún gúrúùpù kan lórí fóònù. Àfi bó ṣe rí obìnrin Oǹdó kan, Fọláṣayọ̀, tó ń ta fídíò tó fi ń kọ́ èèyàn ní ọṣẹ dúdú ṣíṣe. Fídíò yẹn ń tà wàràwàrà. Wúlẹ̀ ra á, ó gbé fóònù kalẹ̀, ó fi ohùn ara ẹ̀ sọ gbogbo ẹ̀ láti orí dé ìdí, lòun náà bá ń tà á. Àní ìkíni tóbìnrin yẹn fi ń polówó nígbà òjò, kò yọ ọ́! Inú ọyẹ́ la wà o, ètè gbogbo wa ti bó, Wúlẹ̀ wá ń kí wa: "Ẹ kú òjò o, ẹ̀yin oníbàárà mi àtàtà!"

Àbúrò ẹ̀, Sáúdátù, ní, "Àǹtí mi, òjò wo? Òrí làwọn èèyàn ń bèèrè nínú ọyẹ́ yìí o."

"Fi mí sílẹ̀ jàre. Ohun tó ń tà lọ́dọ̀ ẹlòmíì, á tà lọ́dọ̀ mi."

Ó sì tà lóòótọ́. Àwọn tó rà á gbé ìkòkò kaná. Fídíò ní kí wọ́n da omi eérú sínú àdín, kí wọ́n máa rò ó títí á fi dì. Wọ́n bu eérú ìdí ààrò wọn, wọ́n da omi ẹ̀ sínú àdín, wọ́n rò ó títí apá fi ń dùn wọ́n. Àdín lókè, omi nísàlẹ̀.

Ni Ìyá Músíbàú, ọ̀kan nínú àwọn tó ra fídíò, bá gbé ìkòkò tiẹ̀ wọ ilé Wúlẹ̀, àwọn yòókù tẹ̀lé e.

"Olùkọ́, wá rò ó lójú wa."

Wúlẹ̀ rò ó, òógùn bò ó. Kò dì.

Ìyá Músíbàú ní, "Eérú wo nìwọ ń lò?"

Níbo ni Wúlẹ̀ ti fẹ́ mọ̀? Kò se ọṣẹ rí láyé ẹ̀! Sáúdátù ló pe obìnrin Oǹdó náà, ó ní kó jọ̀ọ́, eérú wo ni.

"Eérú èèpo kòkó ni, àbí eérú wo ló tún wà? Ọmọdé ọ̀dọ̀ wa gan-an mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Kòkó! Ní Ṣakí tí kòkó kì í hù! Ẹ̀rín pa gbogbo wọn. Ìyá Músíbàú tí àdín ẹ̀ ti ṣòfò nìkan ni ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Wúlẹ̀, eérú eléèérú kì í se ọṣẹ jinná."

Wúlẹ̀ sáré gbé igbá òrí jáde. "Ẹ dákun, ẹ fi tèmi yìí forí jì mí."

Ìyá Músíbàú wo igbá, ó wo ojú ẹ̀. "Èyí náà ńkọ́? Ti ta ni?"

Òrí tó fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe o! Kò sẹ́ni tó mú un nínú wọn.

Ohun téèyàn ń ṣe, a lè rí i wò, ká sì ṣe irú ẹ̀. Èyí tó mọ̀ tí ò sọ síta ńkọ́? Ìyẹn ni wọ́n ṣe ní eérú eléèérú kì í se ọṣẹ jinná.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ká ní ẹ̀yin ni Ìyá Músíbàú, ṣé ẹ máa gba òrí yẹn?