Ẹtu àti Àpáta Etí Omi

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn yẹn, ṣé ẹnu yín ti dì ni? Mo ní, ààlọ́ o!

Ààlọ̀ o!

Ẹ̀n-ẹ́n, ó kù díẹ̀ kí n bínú dìde. Ààlọ́ mi rìn, rìn, rìn, òùngbẹ gbẹ ẹ́. Ó gba orí iyanrìn kọjá, kò rí omi. Ó wá gúnlẹ̀ sórí àpáta kan, ó bá Ẹtu níbẹ̀, ara Ẹtu kò balẹ̀. Bí mo bá dá orin, “wàràwàrà omi” ni kí ẹ máa gbè. Ẹ má jẹ́ kí n máa dá a kí n tún máa gbè é o.

Ní ayé àtijọ́, nígbà tí ẹranko ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn, ọ̀dá dá. Odò gbẹ. Ìsun gbẹ. Ìrì pàápàá kò sẹ̀ mọ́. Gbogbo ẹranko bá kó ara wọn jọ, wọ́n wọ inú odò gbígbẹ lọ, wọ́n ń fi pátákò àti èékánná gbẹ́ iyanrìn. Wọ́n gbẹ́ ẹ lọ́jọ́ kìíní, wọn kò rí nǹkan kan. Wọ́n gbẹ́ ẹ lọ́jọ́ kejì, iyanrìn bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. Lọ́jọ́ kẹta, omi sun díẹ̀díẹ̀.

Omi náà kò pọ̀. Ni wọ́n bá ṣòfin: ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ibi iṣẹ́ ni yóò kọ́kọ́ mu, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò sì gbé omi mì. Àpáta kan wà létí omi náà. Ẹfọ̀n ni wọ́n fi síbẹ̀ kó máa ṣọ́ igbó nítorí Ẹkùn, kó sì máa ka omi fún wọn. Á máa ké láti òkè pé, “Ó di kan! Ó di méjì! Ó di mẹ́ta, kúrò!”

Ẹtu ńkọ́? Níbo ló wà nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ omi? Orí ìkúnlẹ̀ ló wà. Ọjọ́ kẹta yẹn gan-an ló bí ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó sọ ọ́ ní Àwẹ̀ró. Nígbà tí òun àti ọmọ dé etí omi, Ìkookò ló dí wọn lọ́nà.

“Ṣé o bá wa gbẹ́ ẹ ni?”

“Mò ń rọbí lọ́wọ́ ni.”

“Àwa kọ́ la fún ẹ lóyún. Bọ́ sẹ́yìn!”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ẹtu bọ́ sẹ́yìn. Kí wọ́n tó mu tán, ẹrẹ̀ ló kù. Bẹ́ẹ̀ ló ń rí lójoojúmọ́. Ọmọ á máa ké, Ẹtu á sì máa kọrin bẹ Ẹfọ̀n. Ẹ gbè é o:

Ta ló wà lórí àpáta o?
— Wàràwàrà omi.
Èmi Ẹtu ni mo dé o.
— Wàràwàrà omi.
Òùngbẹ ń gbẹ ọmọ mi o.
— Wàràwàrà omi.
Ẹ jẹ́ n bù díẹ̀ fún un o.
— Wàràwàrà omi.

Ẹfọ̀n kì í bojú wẹ̀yìn. Igbó ló ń wò. Á ní, “Ìyá Àwẹ̀ró, dúró. Yóò kàn ẹ́.”

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ń dun Ẹtu jù. Bí òun àti ọmọ bá lá ẹrẹ̀ tán, tí wọ́n ń lọ sílé, tó bá wẹ̀yìn, á rí Ẹfọ̀n tó ti sọ̀kalẹ̀, tó dorí kodò sí omi. Kò sẹ́ni tó ń kà á fún un. Ẹtu á ní, “Ẹ ò rí i! Ẹni orí àpáta ló ń mu bó ṣe wù ú. Bí mo bá lè gun àpáta yẹn pẹ́nrẹ́n, ọmọ mi kò ní mu ẹrẹ̀ mọ́ láé.” Kò bi ara rẹ̀ pé kí ni Ẹfọ̀n lè máa mu lẹ́yìn tí òun alára ti lá ẹrẹ̀ tán. Ta ló máa rántí bèèrè, nígbà tí ọmọ ń ké?

Bó dùbúlẹ̀, àpáta. Bó ń jẹko, àpáta. Bó ń fún ọmọ lọ́mú, àpáta. Ọ̀rọ̀ náà di àìsàn sí i lára.

Lọ́jọ́ kan, Ẹfọ̀n pè wọ́n jọ. Ó ní, “Ẹsẹ̀ mi ti wú. Ta ni yóò gba àpáta yìí lọ́wọ́ mi?”

Ìkookò wolẹ̀. Ìmàdò wolẹ̀. Ehoro ní ẹ̀yìn ń ro òun. Ẹtu fò sókè fìrì.

“Èmi ni! Ẹ má wá ẹlòmíràn mọ́, èmi ni!”

Kíá ni wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ó yẹ kí ìyẹn kọ ọ́ lóminú, àbí? Kò kọ ọ́ lóminú o.

Ó gun àpáta. Ó ka omi fún wọn. Kò tíì kà á débì kan tó fi fẹ́ sọ̀kalẹ̀ wá mu tirẹ̀. Ẹfọ̀n ní, “Rárá o. Kí gbogbo wọn mu tán ná. Ẹni orí àpáta ló ń mu kẹ́yìn.”

“Kẹ́yìn kẹ̀? Kí ló máa kù?”

“Ẹrẹ̀ ni. Kí lo rò pé mò ń mu látọjọ́ yìí?”

Ó wo ẹrẹ̀. Ó wo Àwẹ̀ró. Ó rántí ẹ̀rín tí wọ́n fi òun rín. Ó ní, “Òfin yẹn ti kú! Láti ọ̀la lọ, ẹni orí àpáta àti ọmọ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ mu, wọn yóò sì mu yó. Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn, kó lọ máa ṣọ́ Ẹkùn fúnra rẹ̀.”

Kò sẹ́ni tó fẹ́ ṣọ́ Ẹkùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ẹtu àti Àwẹ̀ró mu omi tó mọ́ gaara, ikùn wọn yọ. Ó dùn mọ́ wọn, n kò ní parọ́. Bí ẹ bá jẹ́ Ẹtu, yóò dùn mọ́ ẹ̀yin náà.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ náà gan-an ni Ìkookò gbójú sókè wo àpáta. Ìmàdò gbójú sókè. Ẹ̀yìn Ehoro san lójijì. Àpáta tí wọ́n ń sá fún lánàá ti wá di ohun tí wọ́n ń wò gbé itọ́ mì. Ẹtu rí ojú wọn, àyà rẹ̀ já. Ló bá yí padà. Ó kọ̀yìn sí igbó, ó kọjú sí wọn.

Láti ìgbà náà, kò sọ̀kalẹ̀ mọ́. Ó ní, “Bí mo bá sọ̀kalẹ̀ báyìí, wọn á gùn ún.” Kò sùn. Kò jẹun. Omi wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ètè rẹ̀ ń bó. Bí Ìmàdò bá wúkọ́, á fò dìde. Á ní, “Àwẹ̀ró, ìwọ lọ mu tìẹ. Mò ń ṣọ́ wọn.”

Ẹfọ̀n ní, “Ìyá Àwẹ̀ró, igbó ni kí o wò.”

“Bàbá Ẹfọ̀n, ẹ̀yin náà fẹ́ gbà á padà, àbí?”

Ẹfọ̀n mi orí, ó tiro kúrò níbẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, Àwẹ̀ró nìkan ló wà létí omi, Ìkookò àti àwọn yòókù ń wo àpáta láti ọ̀ọ́kán. Ó gbójú sókè. Koríko ń mì, bẹ́ẹ̀ ni kò sí atẹ́gùn. Ó fi orin ké sí ìyá rẹ̀. Ẹ gbè é kíkankíkan:

Ta ló wà lórí àpáta o?
— Wàràwàrà omi.
Èmi Àwẹ̀ró ni mo ń pè o.
— Wàràwàrà omi.
Koríko ń mì lẹ́yìn yín o.
— Wàràwàrà omi.
Ẹ wẹ̀yìn wò, ìyá mi o.
— Wàràwàrà omi.

Ẹtu kò wẹ̀yìn. Ó ní, “Dúró. Yóò kàn ẹ́.” Àwẹ̀ró tún un kọ. Ó ní, “Dúró.” Àwẹ̀ró kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta. “Mo ní kí o dúró! Ṣé o ò rí Ìkookò ni?”

Gbàgà! Ẹkùn já sí Àwẹ̀ró lẹ́yìn.

Ẹtu gbọ́ igbe ọmọ. Kò rántí àpáta mọ́. Ó bẹ́ láti òkè, ó fi orí sọ Ẹkùn níhà. Bó ṣe kéré tó yẹn! Ìkookò sáré. Ìmàdò sáré. Ehoro sáré. Ẹ rò pé wọ́n ń bọ̀ wá ràn án lọ́wọ́ ni? Orí àpáta ni wọ́n sáré lọ. Wọ́n ń ti ara wọn, wọ́n ń ké, “Èmi ni! Èmi ni!” Ẹfọ̀n ẹlẹ́sẹ̀ wíwú nìkan ló fi ìwo dé. Ẹkùn sá wọgbó. Etí Àwẹ̀ró ya, ṣùgbọ́n ó ń mí.

Ẹtu ń lá ẹ̀jẹ̀ ara ọmọ, ó ń sunkún.

“Ìyá mi, òùngbẹ ń gbẹ mí.”

Ẹtu yíjú sí omi. Ìkookò ti dúró gbọin-gbọin lórí àpáta, ó kọ̀yìn sí igbó.

“Bọ́ sẹ́yìn!”

Ẹtu mú ọmọ rẹ̀, wọ́n lọ wá omi sínú ihò igi. Títí dòní, bí ẹtu bá ń mumi, á mu díẹ̀, á gbórí sókè, á wẹ̀yìn. Àwọn ọdẹ ní Ẹkùn ló ń bẹ̀rù. Kí ni ọdẹ mọ̀? Àpáta yẹn ló ń wò. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti ṣófo.

Ààlọ́ yìí kọ́ wa pé òùngbẹ àti ẹ̀sín ló ń lé ọ̀pọ̀ ènìyàn dé ipò agbára, ìbẹ̀rù ni kì í jẹ́ kí wọ́n sọ̀kalẹ̀ mọ́. Ó kọ́ wa pé ẹni tí a ní kó ṣọ́ ìlú, kó má lọ máa ṣọ́ àga. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń fi abiyamọ rẹ́rìn-ín, ẹ ti gbọ́ tiyín.

Ibi tí ààlọ́ tèmi já sí nìyí. Ẹ dìde, ẹ lọ bu omi wá, ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá ni kí ẹ kọ́kọ́ fún.