Ewé Tí Ajá Fi Sọ́wọ́ Ọ̀bọ

Àníkẹ́, fi ajá yẹn sílẹ̀. Mo ní kí o fi í sílẹ̀. Orúnkún rẹ tó bó yẹn ló fẹ́ lá, kò fẹ́ gé ọ jẹ, ìwọ sì ju bàtà mọ́ ọn. Jókòó síbí kí n sọ ohun tí ojú rẹ̀ ti rí fún ọ, torí inú máa ń bí mi tí mo bá rí ẹni tó ń lé e.

Nígbà láéláé, nígbà tí ajá ò tíì mọ ọ̀nà ilé ènìyàn, kò sí ẹranko kankan tó ń lá egbò ara rẹ̀. Kí ló fẹ́ lá a fún? Oníṣègùn ṣáà wà. Àwọn méje ni wọ́n, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n pè é ní Ẹgbẹ́ Oníṣègùn Inú Igbó. Ẹfọ̀n ni alága, Ọ̀bọ ni akọ̀wé. Ajá ló ń wo egbò, ahọ́n rẹ̀ sì ni oògùn rẹ̀. Tó bá lá ojú egbò lẹ́ẹ̀mẹta, ní ọ̀sán, ní ìrọ̀lẹ́ àti ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, egbò náà á san. Àwọn mẹ́rin yòókù ń wo ibà, inú rírun, ojú dídùn àti eegun tó bá ṣẹ́.

Òfin méjì péré ni ẹgbẹ́ náà ní. Èkíní ni pé ibi tí aláìsàn bá ti ké, oníṣègùn gbọ́dọ̀ dìde lọ, kódà kí oúnjẹ wà lẹ́nu rẹ̀. Èkejì ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ yí òfin padà àfi tí ewé méje bá pé nínú igbá. Oníṣègùn kọ̀ọ̀kan ní ewé tirẹ̀ tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ já wá sí ìpàdé kọ̀ọ̀kan. Tó bá fara mọ́ ọ̀rọ̀, á fi ewé náà sínú igbá tó wà láàárín ìpàdé. Tó bá ku ewé kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ ò tíì di òfin nìyẹn.

Wọ́n tún ní àṣà kan. Tí igbe bá ta nígbà tí ìpàdé ń lọ lọ́wọ́, ẹni tí wọ́n ń ké pè á fi ewé rẹ̀ sọ́wọ́ ẹni tó jókòó tì í, kí àyè rẹ̀ má baà ṣófo. Ẹni yẹn á kàn bá a mú un dání ni. Wọn ò kọ ọ́ síbì kankan pé kò gbọdọ̀ lò ó. Ta ni ìbá rò ó?

Ẹfọ̀n fẹ́ràn ìpàdé. Á jí, á fi ẹrẹ̀ ra ìwo rẹ̀, á lọ jókòó sábẹ́ igi apá kí ẹlòmíràn tó dé. Ó ti tó ọdún mélòó kan tó ti fọwọ́ kan aláìsàn gbẹ̀yìn. Ajá ní tirẹ̀ kì í tètè dé. Tó bá sì dé, ẹ̀jẹ̀ aláìsàn á ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

"Ajá, a ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́," Ẹfọ̀n á wí.

"Ẹ má bínú, alága. Ìmàdò ni igi gún." Ajá á sì jókòó jẹ́ẹ́.

Ìyẹn kọ́ ló ń dun Ẹfọ̀n gan-an. Ohun tó ń dùn ún ni pé tí àwọn méjèèjì bá jọ ń lọ lójú ọ̀nà, Ajá ni gbogbo ẹranko kọ́kọ́ ń kí. Ajá yìí kan náà ló sì lá ẹsẹ̀ Ẹfọ̀n títí tó fi san, lọ́dún tí pàkúté gé e. Ẹfọ̀n ti gbàgbé. Mo kórìíra irú ìgbàgbé bẹ́ẹ̀.

Ẹfọ̀n pe Ọ̀bọ sẹ́yìn igi. Ó ní, "Akọ̀wé, ẹgbẹ́ yìí ti ń di yẹpẹrẹ. A ó ṣe òfin tuntun. Ẹni tí kò bá jókòó títí ìpàdé fi parí, kì í ṣe oníṣègùn mọ́. Ẹni tí kì í bá sì ṣe oníṣègùn, egbò ara rẹ̀ nìkan ni ahọ́n rẹ̀ gbọ́dọ̀ kàn."

Ọ̀bọ họ orí. "Alága, Ajá ò ní fi ewé rẹ̀ sí i láé."

"Ṣé ìwọ kọ́ lo máa ń jókòó tì í ni?"

Ọ̀bọ kàn rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ ìpàdé pé. Wọn ò tíì sọ ju gbólóhùn méjì lọ tí igbe fi ta létí odò. Ọmọ Ẹtu ni. Okùn pàkúté ti gé e lẹ́sẹ̀ dé eegun, ìyá rẹ̀ sì ń ké pe Ajá. Ajá dìde fùú.

"Ọ̀bọ, ọ̀rẹ́ mi, bá mi mú ewé mi dání."

"Máa lọ," Ọ̀bọ wí. "Kò séwu."

Ajá bá ọmọ náà nínú ẹ̀jẹ̀. Ó lá a, ó lá a, títí ẹ̀jẹ̀ fi dá. Ọmọ lajú, ó wá ọmú ìyá rẹ̀. Ẹtu bú sẹ́kún.

"Ìyá ọmọ, ó ku ẹ̀ẹ̀mejì," Ajá wí. "Màá padà wá nírọ̀lẹ́."

Kó tó padà dé abẹ́ igi apá, wọ́n ti parí. Àwọn mẹ́rin yẹn ti fi ewé sílẹ̀ láìbéèrè nǹkan kan, torí ebi ń pa wọ́n, wọ́n fẹ́ tètè lọ sílé. Ajá yọjú wo inú igbá, ó rí ewé ara rẹ̀ lókè pátápátá.

"Ta ló fi ewé mi síbí?"

Ọ̀bọ ò wò ó lójú. "Ó pé méje," ó wí. "Méje la kà."

Ẹfọ̀n wá ka òfin tuntun náà sí i létí. Ó ní, "Ìwọ náà sì wà lára àwọn tó ṣe é."

"Òfin àkọ́kọ́ ló gbé mi lọ," Ajá wí. "Gbogbo yín lẹ gbọ́ igbe."

"A gbọ́. Ṣùgbọ́n o ò jókòó títí a fi parí."

"Ó dáa, ẹ lé mi. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n lá ọmọ yẹn lẹ́ẹ̀mejì tó kù."

"Ìpàdé ti túká. Mú ẹ̀bẹ̀ rẹ wá lóṣù tó ń bọ̀."

Ajá wo àwọn mẹ́rin yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀ ni wọ́n ń wò.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó gba ọ̀nà odò lọ bó ṣe ṣèlérí. Ẹfọ̀n àti Ọ̀bọ ti dúró níwájú ilé Ẹtu. Ẹfọ̀n ní tí Ajá bá fi ahọ́n kan ọmọ náà, Ẹtu àti ìdílé rẹ̀ ò gbọdọ̀ mu omi odò yẹn mọ́. Ẹtu wo odò, ó wo ọmọ tó wà nílẹ̀, ó wo àwọn ọmọ méjì tó dúró tì í.

"Ajá, jọ̀ọ́, máa lọ," ó wí.

Àwọn oníṣègùn ẹgbẹ́ wá lóòótọ́. Wọ́n jókòó yí ọmọ náà ká, wọ́n ń jíròrò. Ilẹ̀ mọ́, ẹsẹ̀ ti wú. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ọmọ Ẹtu ti kú.

Ẹtu ò sunkún lójú wọn. Ó ní, "Mo ké, ẹ gbọ́, ẹ sì jẹ́ kí ọmọ mi kú. N ò ní ké mọ́." Ó kó ọmọ méjì tó kù, ó wọ ibi tí igbó ti dí jù. Àwọn ẹranko yòókù gbọ́, wọ́n ṣe bíi tirẹ̀. Ọjọ́ yẹn náà ni Ajá kúrò nínú igbó, kò sì dúró títí ó fi dé iwájú ilé àgbẹ̀ kan.

Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀rùn, Ẹfọ̀n bá ẹfọ̀n mìíràn jà, ìwo sì gún un lẹ́yìn. Ahọ́n rẹ̀ ò dé ibẹ̀. Eṣinṣin ló dé ibẹ̀. Ó pe ìpàdé kíákíá, ó ní kí wọ́n yí òfin padà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n fi ewé sílẹ̀. Ọ̀bọ kà á, mẹ́fà. Ó tún un kà, mẹ́fà náà ni. Òfin ní ó gbọ́dọ̀ pé méje, nítorí náà wọ́n rán Ọ̀bọ lọ bá Ajá.

"Ajá, ẹgbẹ́ ń fẹ́ ewé rẹ," Ọ̀bọ wí. "Egbò alága ti ń rùn."

"Ewé wo?" Ajá wí. "Ọwọ́ rẹ ni mo fi í sí."

Ó kọ ẹ̀yìn sí i. Àgbẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti oko bọ̀, ọkọ́ ti ṣá a lẹ́sẹ̀. Ajá dìde lọ pàdé rẹ̀. Ẹfọ̀n sì kú, òun àti òfin rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ẹranko igbó tó bá fara pa kì í ké pe ẹnikẹ́ni. Á wọ inú igbó lọ, á dá dùbúlẹ̀, á máa lá ibi tí ahọ́n rẹ̀ bá dé. Ibi tí kò bá dé, ti eṣinṣin ni. Láti ọjọ́ náà sì ni ajá ti ń na ahọ́n sí egbò wa, torí ọ̀dọ̀ wa nìkan ni wọn ò tíì ka òfin fún un. Mo máa ń rò ó pé ẹ̀ẹ̀mejì tó kù lára ọmọ Ẹtu yẹn ló ṣì ń wá.

Gbé ẹsẹ̀ rẹ síbí, kí n fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́. Bàtà rẹ dà? Ṣé o rí ajá yẹn lábẹ́ tábìlì? Ó ń lá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbi tí o ti ju bàtà yẹn lù ú.