Ìwé Ìsàlẹ̀ Àpò

Ọkùnrin kan wà ní Ìdí-Emi, ọdẹ ni, ìjọba sì fún un ní ìwé àṣẹ ìbọn. Kì í ṣe ayédèrú ìwé o. Ọdọọdún ló ń lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá láti tún un gbà. Wọ́n á yẹ ìbọn náà wò, wọ́n á lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé, òun náà á fi ọ̀rá wé e, á tì í sí ìsàlẹ̀ àpò ọdẹ rẹ̀, lábẹ́ ọ̀bẹ àti ìgò ẹ̀tù. Ìbọn ní tirẹ̀ kò ní ìpamọ́. Èjìká ló ń wà ní gbangba, bí ó bá ń lọ sóko, bí ó bá ń bọ̀. Kò rú òfin kankan.

Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Nígbà náà, àwọn ajínigbé ń dá èèyàn lọ́nà lágbègbè yẹn, wọ́n sì ti kó ọlọ́pàá tuntun wá láti ibòmíràn. Obìnrin náà ní, "Bàbá Àṣàkẹ́, ẹ jẹ́ kí n fi okùn so ìwé yìí kọ́ yín lọ́rùn, kí ẹni tó bá rí ìbọn lè rí ìwé."

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé ewúrẹ́ ni mí, tí o fẹ́ máa so okùn mọ́ lọ́rùn? Ta ni kò mọ̀ mí lójú ọ̀nà yìí? Ìwé mi wà lọ́wọ́ mi, inú mi sì mọ́."

Ọ̀rọ̀ agídí rèé. Àwọn tó mọ̀ ọ́n mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n ńkọ́?

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, oòrùn ń mú ganrínganrín, ó ń ti oko bọ̀, ó gbé ọ̀yà kan dání. Bí ó ti yọ síbi tí ọ̀nà ti ya sí odò, ọkọ̀ ọlọ́pàá dúró gììrì níwájú rẹ̀. Ọlọ́pàá méjì bẹ́ sílẹ̀, ọ̀kan sanra, èkejì tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹnu ìbọn méjèèjì kọjú sí àyà rẹ̀.

"Dúró! Gbé ìbọn yẹn sílẹ̀!"

Ó rọra gbé e sílẹ̀. Ọ̀yà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọlọ́pàá tó sanra ní, "Ta ló fún ọ níbọn? Ìwé rẹ dà? Mú un jáde kíá!"

Ọwọ́ ọdẹ náà lọ sí àpò.

"Gbé ọwọ́ kúrò níbẹ̀!" Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ ló pariwo. "Bí o bá tún fọwọ́ kan àpò yẹn, màá yìnbọn lù ọ́!"

"Mo ní kí o mú ìwé jáde! Àbí adití ni ọ́?" Ìyẹn ni èyí tó sanra.

Háà! Kí ni kí èèyàn ṣe? Bí ó bá ṣe ti ọ̀kan, èkejì á pa á. Ìwé tó lè gbà á là kò jìnnà sí ọwọ́ rẹ̀ ju ìka mẹ́rin lọ, kò sì lè dé ibẹ̀. Ó wo ìka ọlọ́pàá tó tẹ́ẹ́rẹ́ lára ìbọn, ó rí i pé ìka náà ń gbọ̀n. Ìyẹn ló wá bà á lẹ́rù jù. Ó fẹ́ sá wọ igbó, igbó tó mọ̀ bí ẹni mọ ẹ̀yìnkùlé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan tilẹ̀ ti fẹ́ yí.

Ìgbà náà ló rántí iṣẹ́ ara rẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń ṣọdẹ, ó sì mọ̀ pé ẹran tó bá mira ni ojú ọdẹ ń rí. Lónìí, òun ni ẹran.

Ó dúró. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ dákun, ọwọ́ mi rèé lókè. Ìwé wà nínú àpò. Ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ mú un. Mi ò ní mira."

Eṣinṣin bà lé e létè, kò lé e. Nígbà tó yá, ọlọ́pàá tó sanra fi ọ̀bẹ gé okùn àpò, ó da ohun inú rẹ̀ sílẹ̀, ó rí ọ̀rá, ó rí òǹtẹ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Bàbá, ìwé yín pé. Kí ló dé tí ẹ fi í síbi tí ẹnikẹ́ni ò lè rí i?"

Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń nu ojú. Ó ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, lọ́nà yìí kan náà, ọkùnrin kan tó gbé ìbọn kọ́ èjìká ló pa ọlọ́pàá ẹlẹgbẹ́ òun.

Nígbà tí ọdẹ náà délé, ọ̀dọ̀ ìyàwó rẹ̀ ló lọ tààrà. Ó tẹ́ ìwé náà síwájú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì na ọrùn sí i.

Oyèkànmí, ọmọ mi, má bi mí bóyá ohun tí àwọn ọlọ́pàá náà ṣe dára. Kò dára. Òfin wà lẹ́yìn ọkùnrin náà, síbẹ̀ ó kù díẹ̀ kó kú lójú ọ̀nà oko ara rẹ̀. Tiwọn wà lọ́rùn wọn. Tìrẹ ni mo pè ọ́ sí.

Mo wà nílé rẹ lánàá. Bí ìró ọ̀kadà rẹ ti dún níta, ẹ̀rín dá lẹ́nu àwọn ọmọ rẹ. Èyí tó ń jẹun gbé àwo rẹ̀ wọ yàrá. Àbígbẹ̀yìn rẹ, ọmọ ọdún mẹ́fà, sá sẹ́yìn mi, ó di aṣọ mi mú. O wọlé, o ní kó sọ ibi tó fi bàtà rẹ sí. Ó la ẹnu, o ní kó pa ẹnu mọ́. Èwo ni kó ṣe nínú méjèèjì?

Nígbà tí mo bá ọ wí, o ní, "Bàbá, kò sóhun tí mo fẹ́ràn tó àwọn ọmọ yìí. Inú mi mọ́ sí wọn." Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ìwé rẹ pé, òǹtẹ̀ wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ àpò lo tì í sí. Igbe rẹ ló wà léjìká, òun nìkan ni wọ́n sì ń rí.

Ọlọ́pàá ní ọ̀bẹ tó fi gé okùn àpò kó tó rí ìwé. Ọmọ ọdún mẹ́fà kò ní ọ̀bẹ. Ìwọ ni kó o mú ìwé rẹ jáde.