Ẹnu Ọmọ Ẹ̀gà

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́ mi. Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Lọ́dún ọ̀dá kan, Òkété nìkan ló ní ọkà. Ó sọ fún ọmọ Ẹ̀gà pé, "Wá fi ẹnu rẹ hun àká fún mi, n ó máa bọ́ ìwọ àti ìyá rẹ. Má kọrin o, kí ará ìlú má baà gbọ́ pé mo ní ọkà."

Ó gbé ọkà bàbà wá, ọmọ kọ̀. Ó gbé àgbàdo wá, ọmọ kọ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó fi í ṣẹ̀sín: "Akọrin, ṣé orin lẹ ó jẹ?"

Ebi ń pa Ìyá Ẹ̀gà. Ó fẹ́ ní kí ọmọ gbà.

Ọmọ dáhùn: "Bàbá Òkété, ẹnu tí mo fi ń hunlé náà ni mo fi ń kọrin. Ẹ ò lè gba ìdajì ẹnu."

Ló bá kọrin, ẹ gbè é:

"Ebi ń pa mí, mo ń yọ̀!"

Tere nàná!

"Ẹnu mi, tèmi ni!"

Tere nàná!

Orí ìyá wú. Ẹ̀yin ọmọ, ta ló kọ́kọ́ gbè é lọ́jọ́ náà? Ìyá rẹ̀ tí ebi ń pa ni.